Ọdún Tí Ọkọ̀ Ìkórè Gba Orí Iyanrìn

Kò sí ẹni tó mọ ìtàn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì létí ọ̀sà Badagry yìí tó mi. Mo lè rò ó fún yín láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, láìwo ìwé kankan. Àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìwé ló kọ́kọ́ wò mí, ó mirí, ó ní òun ò lè bá mi ṣe é. Láti kíláàsì kejì girama ni èmi àti ẹ̀ ti pínyà, kò sì sí ẹni tó sunkún nínú àwa méjèèjì. Iṣẹ́ mi báyìí ni kí n máa fi ọ̀kadà gbé èèyàn àti ẹrù láàárín Badagry àti Seme, kí n máa bá àwọn ará Cotonou sọ Faransé, èyí tó jẹ́ pé tí mo bá ti kí wọn tán báyìí, èdè ti tán lẹ́nu mi nìyẹn. Nítorí náà ẹ má retí déètì lọ́wọ́ mi. Ọdún tí Dàágbó kú ni mo fẹ́ sọ. Dàágbó ni àwa Ẹ̀gùn ń pe bàbá àgbà. Eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà nígbà yẹn, orí mi tóbi ju ọrùn tó gbé e lọ, gbogbo ohun tó bá sì ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé, mo ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó lé mi.

Agboolé wa wà lórí iyanrìn tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, téèyàn bá kọjá Topo díẹ̀. Òkun lẹ́yìn ilé, ọ̀sà níwájú. Òkun kì í sùn. Àlejò tó bá sùn sílé wa máa ń jí láàárọ̀ bí ẹni tí wọ́n nà, àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ariwo tí àwa ń gbọ́ ni ti àwọn obìnrin ilé. Màmá, ìyẹn ìyá àgbà wa, á máa fi ìgbálẹ̀ họ iyanrìn ojúde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ìyá mi á máa rin àgbọn. Àǹtí Sẹ̀nami, àbúrò bàbá mi, á máa kọrin nílé ìwẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Mautin, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, á máa pè mí láti wá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kí òun ṣe. Obìnrin ni Mautin, ọdún díẹ̀ ló sì fi jù mí lọ, àmọ́ ó ń lo gbogbo ọdún yẹn lé mi lórí láìṣẹ́ ọjọ́ kan kù. Àgbọn ló ń bọ́ ilé wa. Tí Màmá bá ń se òróró àgbọn, òórùn ẹ̀ á wọ aṣọ, á wọ irun, tí mo bá dé ilé ìwé, àwọn ọmọ á ní búrẹ́dì ti dé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣa èèpo àgbọn jọ fún iná dídá. Mo máa ń ṣa díẹ̀, màá wá jókòó lórí ìyókù. Tó bá di alẹ́, àkàsà tútù, ẹja yíyan àti ata gígún. Màmá ló ń pín ẹja, kì í sì í sọ̀rọ̀ tó bá ń pín in. Tí o bá ní tìẹ kéré, á gba èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ, á jù ú sí ajá. Mo mọ̀ nítorí pé ajá yẹn sanra, èmi ò sanra.

Ẹ ti rí i pé mi ò tíì dárúkọ ọkùnrin kankan. Bàbá mi wà ní Cotonou, ó máa ń yọ sílé bí òṣùpá. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà ní Seme, ó ń bá àwọn tó ń gbé ẹrù kọjá bọ́dà ṣiṣẹ́. Nígbà tí Dàágbó wá kú lásìkò òjò, akọ tó ṣẹ́kù nínú ilé ni èmi, àkùkọ kan, àti òbúkọ tí Màmá ń sìn fún ìkórè. Tí wọ́n bá ní kí ẹ to àwa mẹ́ta bí a ṣe wúlò sí, ẹ máa kọ́kọ́ to òbúkọ, ẹ máa to àkùkọ, ẹ máa wá ronú dáadáa kí ẹ tó kàn mí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọkọ̀ ìkórè kó tó di pé ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ gùn jù. Dàágbó máa ń sọ fún wa pé nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa ṣì jẹ́ ahéré onímọ̀ ọ̀pẹ, kò sí tábìlì nínú ẹ̀, kò sí pẹpẹ. Nígbà tí ìkórè àkọ́kọ́ dé, tí wọ́n gbé iṣu dé, tí wọ́n gbé ẹja àti iyọ̀ dé, kò síbi tí wọ́n lè kó o lé àfi iyanrìn. Ni bàbá bàbá Dàágbó bá lọ fa ọkọ̀ ìpẹja ẹ̀ jáde lómi, ọkọ̀ kékeré. Àwọn ọkùnrin gbé e léjìká, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú àlùfáà, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn máa kó o sínú ẹ̀. Látìgbà náà ló ti jẹ́ pé ilé wa ló ń gbé ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti jẹrà, wọ́n ti gbẹ́ òmíràn, ṣọ́ọ̀ṣì ti di ti sìmẹ́ńtì àti páànù, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, nǹkan kan ò gbọdọ̀ ṣáájú ọkọ̀ ilé wa wọlé. Wọ́n á so ó mọ́ òpó nínú omi, ibẹ̀ ni wọ́n á ti di ẹrù sí i, wọ́n á fi màrìwò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, á gba orí ọ̀sà dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọkùnrin á gbé e léjìká. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, ẹgbẹ́ akọrin á bẹ̀rẹ̀ orin ìwọlé. Orin yẹn ò gbọdọ̀ parí kí ọkọ̀ tó dé iwájú pẹpẹ. Ìyẹn nìkan ni òfin tó wà níbẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó rú u rí.

Lẹ́yìn ìsìn ni básà, ibẹ̀ gan-an lọkàn èmi máa ń wà. Wọ́n á fi imọ̀ àgbọn pa àtíbàbà sí gbogbo ojúde ṣọ́ọ̀ṣì. Àkàrà ń dún nínú epo, àwọn obìnrin láti Ibereko á ti wọ ọkọ̀ wá pẹ̀lú ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìrèké, ìyá Mùsùlùmí kan láti ìlú Badagry kì í sì í pa á jẹ, ó máa ń gbé àlùbọ́sà wá fún ìkórè wa bí àwa náà ṣe máa ń gbé ẹja lọ fún un nígbà Iléyá. Wọ́n á máa lu gbàǹjo ohun tó wà nínú ọkọ̀. Wọ́n á máa pe èèyàn jáde wá jó bí wọ́n ṣe bí wọn: àwọn tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, àwọn tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi, gbogbo ọjọ́ ni wọ́n bí mi. Mo bá wọn jó ti Ajé, mo bá wọn jó ti Ìṣẹ́gun, títí Mautin fi gbá mi létí ní Ọjọ́bọ̀.

Ìkórè ọdún yẹn ku díẹ̀ ni Bàbá Ìjọ wá sílé wa. Òun ni olórí àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn ọmọkùnrin tó ga bí igi àgbọn, ó sì ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n kùn ní búlúù. Ó bá Màmá níbi tó ti ń họ ìpẹ́ ẹja.

“Màmá, ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o.”

“Ẹ ṣé. Ẹ jókòó.”

“Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìkórè yẹn ni. A rò ó nípàdé, a ní ká má dà yín láàmú lọ́dún yìí. Kò sọ́kùnrin nílé yín mọ́. Àwọn ọmọ mi lè bá yín ṣe é.”

“Kí wọ́n bá wa ṣe é, àbí kí wọ́n gbà á ṣe?”

“Háà, Màmá. Ṣebí ọ̀kan náà ni.”

Ẹ̀yìn ìkòkò omi ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Inú bí mi. Mo fò jáde, mo lu àyà, mo ní, “Bàbá, èmi wà ńbẹ̀! Ọkùnrin ni mí!” Bàbá Ìjọ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Màmá náà wò mí. Ó ní, “Wọlé lọ wọ ṣòkòtò.”

Mo gbọ́ ìyókù láti ibi tí mo ti ń wá ṣòkòtò. Bàbá Ìjọ ní kò burú, pé tí ọkọ̀ wa bá wọlé kí orin tó parí, tiwa ni títí lọ. Tí orin bá parí tí a ò tíì dé, ọkọ̀ ti kúrò nílé wa nìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ òun ló ń lọ. Màmá ní òun gbọ́. Ó ní kó dúró gba ẹja lọ fún ìyàwó ẹ̀. Nígbà tó lọ tán, ìyá mi béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé, “Màmá, ta ló fẹ́ gbé e léjìká?” Màmá ní, “Èmi ò mọ̀. Ọkọ̀ ń lọ.” Àǹtí Sẹ̀nami ní ká ránṣẹ́ sí Seme. A ránṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọwọ́ òun dí, pé òun á máa fi àdúrà tì wá lẹ́yìn. Màmá ní, “Ẹ ní mo dúpẹ́. Ọkọ̀ ń lọ.” Nígbà yẹn, mo rò pé agídí lásán ni. Ìsinsìnyí ló yé mi. Dàágbó ò fi ilẹ̀ sílẹ̀. Òkun ti jẹ èyí tó ní. Kò kọ́lé tó dúró. Ibi tí wọ́n ti ṣì ń pe orúkọ ẹ̀ sókè níwájú gbogbo abúlé kò ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ, tí wọ́n bá ń kígbe pé ọkọ̀ ilé Dàágbó ti dé. Tí ìyẹn bá lọ, ọkọ Màmá ti kú tán pátápátá nìyẹn. Obìnrin yẹn ò sì ṣe tán láti sin ín lẹ́ẹ̀kejì.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ò dáwọ́ dúró. Wọ́n fi ọ̀dà dí ihò ara ọkọ̀. Àgbọn tó dáa jù, Màmá ní ti ìkórè ni. Èyí tí eku ti yẹ̀ wò, tiwa. Ẹja tó tóbi, ti ìkórè. Orí ẹja, tiwa. Mo bi í pé ṣé Ọlọ́run kì í jẹ orí ẹja ni, ó ní kí n lọ ṣa èèpo àgbọn. Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ọkọ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn tí wọ́n bí sínú ọkọ̀, tí wọ́n ń tukọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, wá ṣe. Ojúde ni wọ́n gbé ọkọ̀ sí, lábẹ́ igi àgbọn, wọ́n sì di gbogbo ẹrù sí i níbẹ̀. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ! Màmá ló ní bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọjá rí i, pàápàá àwọn ọmọ Bàbá Ìjọ. Wọ́n sì rí i. Iṣu wà nísàlẹ̀, gààrí nínú àpò, iyọ̀, ẹja gbígbẹ tí wọ́n ká bí òrùka, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní imú ọkọ̀. Wọ́n so àgbọn rọ̀ yí i ká, wọ́n hun màrìwò bò ó. Àwọn èèyàn ń wá wò ó bí ìyàwó tuntun. Ẹnì kan ò sì rántí, nínú gbogbo wa, pé ọkọ̀ tó ti kún kì í dìde. Èmi gan-an gun ẹ̀yìn ẹ̀, mo ń tukọ̀ lórí iyanrìn, mo ń pàṣẹ fún ìgbì.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, a wọ funfun. Màmá ní ká tì í. A tì í. Ìyá mi tì í, Mautin tì í, mo fi orí tì í nítorí pé ibẹ̀ ló lágbára jù lára mi. Ọkọ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n gbìn síbẹ̀. A tún tì í. Òbúkọ tí wọ́n so mọ́ inú ẹ̀ wò wá, ó ń jẹ màrìwò lọ. Ìgbà yẹn ló tó yé wa. Ìyá mi gbé ọwọ́ lérí. Mautin wo ọ̀sà, ó ní, “Màmá, omi náà ti fà sẹ́yìn.” Lóòótọ́ ni; ẹrẹ̀ dúdú ló kù sí èbúté, ọkọ̀ tó bá wọ inú ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù yẹn, ibẹ̀ ló máa ṣe ọdún. Àwọn ọmọ Bàbá Ìjọ wà lókè omi nínú ọkọ̀ búlúù wọn, ẹ́ńjìnnì ń kù wọ̀ọ̀. Ọ̀kan kígbe, “Màmá! Ṣé ọkọ̀ yín ń dúró kó hu ẹsẹ̀ ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Aago ṣọ́ọ̀ṣì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní òpin abúlé.

Èmi ni mo dá ìmọ̀ràn. Mo ní ká kúnlẹ̀ ká gbàdúrà kí òkun wá bá wa. Mautin ní tí n kò bá panu mọ́, òun á jù mí sí òkun kí n lọ pè é wá. Màmá kúrò lára ọkọ̀. Ó tú ìró ẹ̀, ó tún un ró dáadáa, ó bọ́ bàtà, ó gbé e lé orí òkúta. Ó wá ń lọ tààrà síbi ilé ìwẹ̀ wa. Ọparun ni wọ́n fi ṣe ilé ìwẹ̀ náà yí ká. Ó di ọparun kan mú, ó fà á yọ. Orin tó ń lọ nínú ẹ̀ dúró.

“Yéè! Màmá! Mo wà ní ìhòhò o!” Àǹtí Sẹ̀nami ni, ọṣẹ kún ojú ẹ̀.

“Ọlọ́run ti rí ẹ tẹ́lẹ̀. Na èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ sí mi.”

Ká tó ṣẹ́jú, ilé ìwẹ̀ ti tán. Àǹtí ró ìró mọ́ ọṣẹ lára, ó bá wa gbé ọparun náà. Wọ́n fi igi yọ imú ọkọ̀ sókè, wọ́n ti ọparun sábẹ́, wọ́n ti òmíràn. Ọkọ̀ mì. Ó yí díẹ̀. Ìyá mi ní ká dojú ẹ̀ kọ omi, Màmá ní, “Kí ló ń wá lómi? Ẹ yí imú ẹ̀ sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.” Bí a ṣe gba orí iyanrìn nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá lórí ọparun kan, ẹni tó wà lẹ́yìn á gbé e sáré lọ síwájú. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi níṣẹ́ yẹn. Mo gbé ọparun, mo kọsẹ̀ lára ẹ̀, mo ṣubú síwájú ọkọ̀, gbogbo ìrìnàjò dúró nítorí mi. Wọ́n ní kí n máa tì í, mo dúró síbi tí Mautin ń gbẹ́sẹ̀ sí. Níkẹyìn, ìyá mi gbé mi ní apá, ó jù mí sínú ọkọ̀, ó ní, “Di òbúkọ mú. Má ṣe nǹkan míì.” Báyìí ni ọkùnrin kan ṣoṣo ilé Dàágbó ṣe di ẹrù.

Ilé àkọ́kọ́ tí a kọjá, ìyàwó ilé náà jáde pẹ̀lú gèlè tí kò tíì wé tán, ó ní, “Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?” Kò dúró gbọ́ èsì, ó ti fi ọwọ́ sí i. Ilé kejì, ìyá àti ọmọ. Opó kan tó ń ta ẹja gbé agbọ̀n ẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin ń jáde, wọ́n ń ká aṣọ ìkórè wọn sókè, wọ́n ń tì, wọ́n ń fi èdè Ẹ̀gùn pariwo pọ̀ pé ó yá, ó tún yá. Ẹnì kan nínú wọn ò béèrè ẹni tó pè é. Mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì lórí omi mọ́. Bàbá kan fẹ́ wá bá wọn gbé ẹ̀yìn ẹ̀, Màmá ní, “Ẹ ṣé, ẹ máa bọ̀ lẹ́yìn.” Òógùn ti mú aṣọ funfun lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, kò wẹ̀yìn, kò wo ọ̀tún, iwájú ló ń wò. Mo ti rí sójà ní bọ́dà Seme tí wọ́n ń lé èèyàn bọ̀. Ojú wọn ò le tó ojú ìyá àgbà mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

A ṣì wà lọ́nà nígbà tí orin ìwọlé bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ìjọ ló ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa mọ orin yẹn, gbogbo wa sì mọ ibi tó ti ń parí. Wọ́n ń sáré tì í, orin náà ń sáré lọ. Ó ku ẹsẹ tó gbẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀ṣì ṣì jìnnà. Olórí ẹgbẹ́ akọrin ni ìyá kan tí òun àti Màmá jọ ń ta òróró àgbọn. Wọ́n ní ó yọ orí lójú fèrèsé, ó rí gbogbo obìnrin abúlé lẹ́yìn ọkọ̀ kan lórí ilẹ̀. Ó yí padà, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì dá orin padà sí ẹsẹ kìíní. Pásítọ̀ tó ti ṣí ìwé pa á dé. Wọ́n tún kọ ọ́ débi ẹsẹ tó gbẹ̀yìn, ó ku díẹ̀ ká dé, ó tún dá a padà. Nígbà tí a fi dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù ti jókòó. Àtẹ̀gùn kékeré kan wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin gbé bẹ́ǹṣì, wọ́n dà á dé bí afárá, wọ́n ní ó yá, ọkọ̀ sì gun orí ẹ̀, ó já sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ariwo ńlá. Bí mo ṣe wọ ilé Ọlọ́run nìyẹn, mo dì mọ́ ọrùn òbúkọ, màrìwò wà lẹ́nu àwa méjèèjì. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé ọkọ̀ ilé Dàágbó ti dé. Màmá tì í títí ó fi kan pẹpẹ, ó wá jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò tún dìde títí ìwàásù fi parí.

Lónìí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń pariwo níbi básà wa, àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó sì ń fi fóònù ya àgbọn bí ẹni tí kò rí i rí. Ohun tí wọ́n ti gbàgbé níbẹ̀ pọ̀. Àmọ́ gbogbo wọn ló rántí gbàǹjo ọjọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n ta iṣu tán, tí wọ́n ta iyọ̀ tán, tí wọ́n fa òbúkọ lọ, ọkùnrin tó ń lu gbàǹjo gbé mi sókè láti inú ọkọ̀, ó ní, “Èyí ńkọ́? Òun náà bá ẹrù wọlé. Ta ló máa ra eléyìí?” Mo na ọrùn, mo rẹ́rìn-ín kí eyín mi tuntun lè hàn. Kò sẹ́ni tó ná mi. Mo wo ìyá mi. Ìyá mi ń wo ìrèké.

Ibi tí àwọn àgbà jókòó sí lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ àgbọn ni Bàbá Ìjọ ti dìde. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, pásítọ̀ náà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Bàbá Ìjọ dúró lẹ́yìn ẹ̀ bí igi àgbọn. Màmá jókòó sórí àpótí, àkàrà wà lọ́wọ́ ẹ̀, iyanrìn kún ẹsẹ̀ ẹ̀ dé orúnkún. Bàbá Ìjọ tún ọrùn aṣọ ẹ̀ ṣe, ó ní, “Màmá, mo kí yín o. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Orí omi ni ọkọ̀ ìkórè máa ń gbà, tiyín gba orí ilẹ̀. Èjìká ọkùnrin ló máa ń gbé e wọlé, obìnrin lẹ kó jọ tẹ́ ẹ yí i wọlé bí àgbá òróró. Orin ìwọlé, ẹ̀ẹ̀kan la máa ń kọ ọ́, ẹnì kan lára wa níbí yìí sì mọ iye ìgbà tí a kọ ọ́ láàárọ̀ yìí.” Olórí ẹgbẹ́ akọrin ń wo òkè. “Ohun tí àwa àgbà fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún wa ni pé, kí la fẹ́ pe èyí tẹ́ ẹ ṣe yìí?”

Màmá jẹ àkàrà ẹnu ẹ̀ tán. Ó nu ọwọ́ sí ìró.

“Ó ti wọlé.”